Orí Kẹrin: Ohun Tó Ń Gbé Olùwá-Ìsádi Dé Ibi Tó Dé

Ní ọdún 1990, nígbà tí ogun Láìbéríà wọ ìgboro Monrovia, àwọn ará Láìbéríà bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Orù, ìlú Ìjẹ̀bú kan tí kò jìnnà sí Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n ya ilẹ̀ ibùdó sọ́tọ̀ fún wọn níbẹ̀, àwọn ará Sierra Leone tí ogun lé kúrò nílé sì tún wá bá wọn nígbà tó yá. Ta ló sọ fún ará Monrovia pé ìlú kan ń bẹ tó ń jẹ́ Orù? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Àwọn ọmọ ogun ECOMOG, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ jù nínú wọn, gúnlẹ̀ sí Monrovia ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ọkọ̀ òkun sì ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ibẹ̀ àti Èkó. Ẹni tó bá rí àyè wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó, Èkó ló bọ́ sí. Àwọn mìíràn tí wọ́n sá kúrò ní ìlú kan náà, nítorí ogun kan náà, bá ara wọn ní Buduburam lẹ́bàá Accra, ní Gánà.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ìbéèrè tí àwọn olóṣèlú ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sábà máa ń béèrè ti gba nǹkan kan gbọ́ kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Wọ́n á ní: "Kí ló dé tó fi jẹ́ orílẹ̀-èdè tiwa ni wọ́n yàn?" Wọ́n ti gbà pé ẹni náà jókòó, ó tẹ́ àwòrán ayé síwájú, ó fi èrè ibì kan wé ti ibòmíràn, ó wá na ìka sí ọ̀kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, a ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ti fi hàn ni pé ojú ọ̀nà ni ibi tí púpọ̀ nínú wọn máa dé ti ń yanjú, àti pé ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni èyí tó pọ̀ nínú ìpinnu náà wà.

Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Geneva ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 1951, pẹ̀lú àfikún rẹ̀ ti 1967, ló ṣàlàyé ẹni tí òfin àgbáyé kà sí ogunléndé. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀; ìbẹ̀rù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀; inúnibíni tó ń bẹ̀rù sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, èrò òṣèlú rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àwùjọ tí wọ́n kà á mọ́. Ní 1969, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ṣe àdéhùn tirẹ̀ ní Addis Ababa, ó sì fi ẹni tí ogun tàbí rúkèrúdò lé kúrò nílé kún un. Olùwá-ìsádi ni ẹni tó ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ka òun sí ogunléndé, tí wọn kò tíì dá lóhùn.

Abala 33 nínú àdéhùn 1951 kò gbà kí wọ́n dá ènìyàn padà sí ibi tí ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀ ti wà nínú ewu. Àmọ́ kò sí abala kankan tó ní kí orílẹ̀-èdè fún un ní físà kó lè wá bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá ti wọlé, òfin dáàbò bò ó. Bí yóò ṣe dé ẹnu ilẹ̀kùn, òfin kò bá a dá sí i. Inú àlàfo yẹn ni ọ̀pọ̀ ohun tí a ó kà nínú orí yìí ti jáde.

Ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé ni dé

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2005, Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma ti Tógò kú lẹ́yìn ọdún 38 lórí àlééfà. Àwọn ológun gbé ọmọ rẹ̀, Faure, sórí oyè. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, wọ́n ní Faure ló wọlé, ìgboro sì dàrú. Ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ ṣèwádìí sọ pé àwọn tó kú wà láàárín 400 sí 500. Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá ń gbé, wà lára ibi tí ọ̀ràn náà ti le gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni Lomé àti Aného. Nǹkan bíi 40,000 ènìyàn sá kúrò nílùú.

Níbo ni wọ́n sá lọ? Benin àti Gánà ni. Ẹni tó bá mọ Lomé kò ní yà lẹ́nu: ìgboro ìlú náà ló parí sí ibodè Gánà, Aflao sì wà ní òdìkejì. Ẹni tó bá wà ní apá Aného, ibodè Hilla-Condji ló kọjú sí, láti ibẹ̀ ó di Grand-Popo, ó di Comè. Ní Comè àti ní Agamé, lẹ́bàá Lokossa, ni wọ́n pa ibùdó sí fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò wọ ibùdó rárá. Ilé ẹbí àti ojúlùmọ̀ ni wọ́n wọ̀, títí dé Kútọnu, nítorí pé àwọn tó ń sọ èdè Mina wà ní ìhà méjèèjì ibodè, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n sì jọ ń ná ọjà.

Ó tún ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù Kìíní 1993, àwọn agbófinró yìnbọn sí àwọn tó ń ṣe ìwọ́de ní Lomé, nǹkan bíi 300,000 ènìyàn sì gba ibodè méjèèjì yìí kan náà jáde. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà ti di àgbàlagbà ní 2005. Ó ti mọ ọ̀nà, ó mọ ilé tí ìyá rẹ̀ gbé e sá sí. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ka ìtòsí sí ọ̀rọ̀ kìlómítà nìkan. Ibi tí ènìyàn ń sá lọ sábà máa ń jẹ́ ibi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ kí ewu tó dé: ibi tó ń tajà sí, ibi tí àǹtí rẹ̀ lọ́kọ sí. Bákan náà ni àwọn ará Kamẹrúùnù tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba ibodè wọ Cross River láti ìparí 2017, tí ọ̀pọ̀ wọn sì wà ní Adagom lẹ́bàá Ogoja.

Bí àgbáyé lápapọ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Ní ìparí 2024, nǹkan bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ogunléndé ayé ló wà ní orílẹ̀-èdè tó bá tiwọn pààlà. Iran gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5, Turkey mílíọ̀nù 2.9, Colombia mílíọ̀nù 2.8, Uganda mílíọ̀nù 1.8. Nínú márùn-ún tó gba èrò jù, Jámánì nìkan ni orílẹ̀-èdè olówó, pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn London tàbí New York lè rò pé gbogbo ayé ló ń rọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dé ọ̀nà jíjìn kéré sí àwọn tó dúró sí tòsí, wọ́n sì sábà jẹ́ àwọn tó ní owó ọkọ̀, tàbí ẹni tó lè fi owó ránṣẹ́ sí wọn.

Físà àti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú

Bí ẹnì kan bá wà ní Èkó tó sì fẹ́ wá ìsádi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè kọ̀wé béèrè láti Èkó. Àfi kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn kó tó lè bẹ̀bẹ̀. Físà ìbẹ̀wò wà, ti akẹ́kọ̀ọ́ wà, ti òṣìṣẹ́ wà. Kò sí ti ìsádi. Láti 1987 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé wọlé, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2001.

Ẹ wo ohun tí òfin yìí sọ òṣìṣẹ́ ìdí káńtà dà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó gba pásípọ́ọ̀tì, ó ṣí i síbi tí físà wà, ó gbé e sí abẹ́ iná, ó wo ojú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ó tún wo fọ́tò. Kì í ṣe adájọ́. Kò sì kọ́ nípa òfin ogunléndé rí. Kò sí ìdí fún un láti béèrè ohun tí ẹni náà ń sá fún, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kò ní yí nǹkan kan padà. Bí físà kò bá sí, ọkọ̀ kò gbé e, torí kí iléeṣẹ́ má baà san owó ìtanràn. Báyìí ni ibodè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rìn wá dé Ìkejà.

Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tó fún ènìyàn ní físà, tàbí èyí tí kò béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀, ló sábà máa ń di ibi tó kọ́kọ́ dé, yálà òun gan-an ló wà lọ́kàn rẹ̀ tàbí kì í ṣe òun. Ẹni tí kò rí ọ̀kankan gbà á gba ilẹ̀ àti omi.

Ọ̀rọ̀ Libya ló fi èyí hàn jù. Nígbà ayé Gaddafi, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé ní Libya, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ìjọba rẹ̀ ṣubú ní 2011, ìlú bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ oníbọn, wọ́n ń jí àjèjì gbé, wọ́n ń tì wọ́n mọ́lé gba owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí wọn. Heaven Crawley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá 500 ènìyàn lẹ́nu wò ní Italy, Gíríìsì, Malta àti Turkey ní 2015 àti 2016. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti Libya wọ ọkọ̀ kò ní Yúróòpù lọ́kàn nígbà tí wọ́n kúrò nílé. Libya ni wọ́n ń lọ. Ìgbà tí ibẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́, tí aṣálẹ̀ tó wà lẹ́yìn sì léwu bí òkun tó wà níwájú, ni wọ́n wọ ọkọ̀ rọ́bà. Ní 2016, àwọn ọmọ Nàìjíríà 37,551 ló gba orí òkun dé Italy, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́dún náà. Bí a bá wá ní kí la fi máa sọ pé wọ́n "yan" Italy, Italy ni ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé ẹni tí wọ́n yọ nínú òkun lọ.

Ẹbí, èdè àti ejẹ́ǹtì

Ìlú kan wà ní gúúsù Stockholm, ní Sweden, tó ń jẹ́ Södertälje. Ní 1967, àwọn Kristẹni Asíríà díẹ̀ tí kò ní orílẹ̀-èdè dé ibẹ̀ láti Lebanon. Iṣẹ́ wà, nítorí pé ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Scania ti ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹbí. Ẹbí ránṣẹ́ pe àna. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbé ogun wọ Iraq ní 2003 tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn Kristẹni ibẹ̀, ibo ni wọn ì bá sá lọ? Sweden kò bá wọn jagun, kò sì bá ilẹ̀ wọn pààlà. Síbẹ̀, àwọn ará Iraq tó dé Södertälje pọ̀ débi pé ní 2008 olórí ìlú náà, Anders Lago, lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pé ìlú kékeré òun nìkan ti gbà ju iye tí Amẹ́ríkà àti Kánádà gbà pọ̀ lọ.

Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní ìlà ẹbí, ó sì rọrùn fún ọmọ Yorùbá láti lóye rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí ìlú tí kò dé rí á kọ́kọ́ béèrè pé ta la mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ààlà sí i: ìlà ẹbí ń ṣàlàyé bí àwọn tó tẹ̀ lé ara wọn ṣe dé, kò ṣàlàyé bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe dé. Ti ẹni àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ físà, iṣẹ́, tàbí orí lásán.

Vaughan Robinson àti Jeremy Segrott fọ̀rọ̀ wá àwọn olùwá-ìsádi 65 lẹ́nu wò fún Home Office ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé ìwé wọn jáde ní 2002. Ohun tó jẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí lógún jù ni kí wọ́n kúrò níbi tí ewu wà. Ibi tí wọ́n máa dé ṣẹ̀yìn. Àwọn tó lè yàn dárúkọ ẹbí, èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti ìgbàgbọ́ pé òfin ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ náà. Ìtàn ìjọba amúnisìn náà wà níbẹ̀: ẹni tó ka ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gbọ́ BBC láti kékeré, ti mọ ilẹ̀ náà kó tó rí i.

Wọ́n tún rí agbára ejẹ́ǹtì, ìyẹn ẹni tó ń gba owó láti mú ènìyàn kọjá ibodè. Àwọn ejẹ́ǹtì kan á na ọwọ́ sí orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan, wọ́n á dá iye owó lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí oníbàárà mú èyí tí agbára rẹ̀ ká. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè. Ibi tí ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn bá lè gbé ènìyàn dé ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tán kí wọ́n tó mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà. Bí ìjọba bá ṣe ń mú ọ̀nà le sí i ni àwọn tó nílò ejẹ́ǹtì ń pọ̀ sí i, ìpinnu á sì túbọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ejẹ́ǹtì.

Ṣé owó ìrànwọ́ ló ń fà wọ́n?

Àlàyé tí wọ́n ń tún sọ jù lórí rédíò àti ní ilé aṣòfin nìyí, ó sì yẹ ká fi òótọ́ wò ó. Ní 2024, owó tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún olùwá-ìsádi kan tí wọ́n fún ní ibùgbé láìfún un lóúnjẹ jẹ́ £49.18 lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ń fún un lóúnjẹ níbi tó wà, ó di £8.86. Kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Títí di 2002, ẹni tó bá ti dúró fún oṣù mẹ́fà láìgbọ́ èsì lè tọrọ àyè láti ṣiṣẹ́. Wọ́n fagi lé èyí ní oṣù Keje ọdún náà. Lẹ́yìn náà ó di ọdún kan gbáko kó tó lè tọrọ, kìkì iṣẹ́ tó bá sì wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba ló lè ṣe. Robinson àti Segrott rí i pé àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohunkóhun nípa owó ìrànwọ́ kí wọ́n tó dé.

Eric Neumayer àti Eiko Thielemann, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, fi ìṣirò wo àwọn orílẹ̀-èdè olówó. Wọ́n rí i pé ọrọ̀ ajé tó dúró dáadáa ń fa ènìyàn, pé àwọn ará ilé tó ti wà níbẹ̀ ń fa ènìyàn, àti pé ìtàn tó so orílẹ̀-èdè méjì pọ̀ ń ṣiṣẹ́. Thielemann wá sọ ní tirẹ̀ pé òfin tí wọ́n ṣe láti dẹ́rù bà wọ́n kò lágbára tó bí ìjọba ṣe rò. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé òfin kò já mọ́ nǹkan kan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2013, Sweden kéde pé gbogbo ará Síríà tó bá wá ìsádi lọ́dọ̀ òun yóò gba ìwé ìgbélùú tí kò ní òpin. Bàbá tó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ ní Turkey gbọ́ ọ, nítorí pé ìwé yẹn ló máa jẹ́ kó lè ránṣẹ́ pè wọ́n. Ohun tó ń pinnu fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni bóyá ẹbí rẹ̀ máa lè bá a, àti bí wọ́n ṣe máa pẹ́ tó kí wọ́n tó tún ríra.

Yúróòpù ní 2015

Ní àkókò náà, Òfin Dublin ló ń sọ orílẹ̀-èdè tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ ìsádi ní Yúróòpù. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n wo ibi tí ẹbí wà, lẹ́yìn náà ẹni tó fún un ní físà, lẹ́yìn náà ibi tó ti kọ́kọ́ wọlé. Ní ìṣe, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ń rọ̀ mọ́ jù, ìka tí wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀rọ Eurodac ló sì ń jẹ́rìí. Ìka tó bá tẹ̀ ní Italy á dá ènìyàn padà sí Italy láti Norway. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń di ìkúùkù wọn, tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n tẹ ìka àwọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2015, àwọn ará Síríà tó ti Turkey gba Gíríìsì kọjá dé Hungary. Hungary gba ju ìwé ẹ̀bẹ̀ 170,000 lọ lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ orúkọ níbẹ̀ kò dúró. Ní òpin oṣù Kẹjọ, iléeṣẹ́ Jámánì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìsádi jẹ́ kó di mímọ̀ pé àwọn kò ní dá ará Síríà padà lábẹ́ òfin Dublin mọ́. Ní Budapest, èrò ti kún ibùdókọ̀ ojú irin Keleti. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ bọ́ sójú títì márosẹ̀, ó di Austria. Jámánì àti Austria ṣí ọ̀nà ní òru yẹn. Kí ọdún tó parí, nǹkan bíi 890,000 ènìyàn ti dé Jámánì, 162,877 sì ti kọ̀wé béèrè ìsádi ní Sweden.

Ọ̀nà náà kò ṣí pẹ́. Hungary fi odi wáyà dí ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Serbia ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, Sweden sọ ọ́ di dandan láti ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2016 pé kí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé èrò bọ̀ láti Denmark máa yẹ ìwé wọn wò, Yúróòpù àti Turkey sì ṣe àdéhùn kan tó mú ìṣe láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹta. Ẹ fi ojú inú wo tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó gúnlẹ̀ sí erékùṣù Lesbos, ọ̀kan ní 2015, èkejì lẹ́yìn ọjọ́ 20 yẹn. Ẹ̀gbọ́n ti wà ní Jámánì, ó ń kọ́ èdè. Àbúrò wà ní erékùṣù, kò lè lọ síwájú, wọ́n sì lè dá a padà sí Turkey. Ogun kan náà lé wọn, ibì kan náà ló wà lọ́kàn wọn.

Roxham Road: àpẹẹrẹ kan tí a ó yẹ̀ wò fínnífínní

Roxham Road jẹ́ títì abúlé kan ní Champlain, ní àríwá ìpínlẹ̀ New York. Títì náà dé ibodè Kánádà, ó sì parí síbẹ̀; kòtò tóóró kan àti koríko díẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀ àti apá Quebec. Kò sí iléeṣẹ́ aṣọ́bodè níbẹ̀. Síbẹ̀, láàárín 2017 sí 2023, àwọn tó gba ibẹ̀ wọ Kánádà pọ̀ gan-an, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ló pọ̀ jù nínú wọn ní 2018.

Òfin ló sọ títì yẹn di ọ̀nà. Amẹ́ríkà àti Kánádà ní àdéhùn kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 2004: ẹni tó bá ti Amẹ́ríkà wá, Amẹ́ríkà ni kó ti wá ìsádi. Bó bá lọ sí ẹnubodè gidi, wọ́n á dá a padà, àyàfi bó bá ní ẹbí ní Kánádà tàbí irú ìdí mìíràn tí àdéhùn gbà. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò mú ibi tí kì í ṣe ẹnubodè. Ẹni tó gba ọ̀nà tó bófin mu ni wọ́n ń dá padà. Ẹni tó gba inú koríko ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ẹni náà á wọ bọ́ọ̀sì láti ìlú New York dé Plattsburgh. Àwọn awakọ̀ takisí á ti máa dúró. Wọ́n mọ ibi tó ń lọ kó tó la ẹnu. Ní òpin títì, á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn, òmíràn lọ́wọ́. Ọlọ́pàá Kánádà tó dúró ní òdìkejì á sọ fún un pé kò bófin mu láti kọjá níbẹ̀, pé bó bá kọjá wọ́n á mú un. Á kọjá. Wọ́n á mú un, wọ́n á tú ẹrù rẹ̀ wò, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ìsádi ló ń wá.

Àwọn ará Haiti ló kọ́kọ́ pọ̀, ní ẹ̀ẹ̀rùn 2017. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 2010, Amẹ́ríkà ti fún wọn ní àyè láti dúró fún ìgbà díẹ̀. Ní 2017, ìjọba Trump jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àyè náà lè dópin. Ìbẹ̀rù mú wọn. Wọ́n gbọ́ Faransé, àwọn ará Haiti sì ti wà ní Montreal láti àwọn ọdún 1960 wá, nígbà tí àwọn dókítà àti olùkọ́ ń sá fún ìjọba Duvalier nílé. Justin Trudeau, olórí ìjọba Kánádà nígbà náà, ti kọ̀wé sórí Twitter ní oṣù Kìíní ọdún yẹn pé Kánádà máa gba ẹni tó ń sá fún inúnibíni àti ogun. Ọ̀rọ̀ náà di ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, pẹ̀lú àsọdùn tó gùn ún. Ní oṣù Kẹjọ, ìlú Montreal ṣí pápá ìṣeré Òlíḿpíìkì fún wọn láti sùn.

Ti àwọn ọmọ Nàìjíríà yàtọ̀. Wọn kò tíì gbé ní Amẹ́ríkà. Físà ìbẹ̀wò Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn gbà ní Èkó tàbí Àbújá, wọ́n bà sí New York, wọ́n sì forí lé àríwá. Físà Amẹ́ríkà ni wọ́n rí gbà, ìsádi Kánádà ni wọ́n ń wá. Kánádà mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní 2018 ó rán àwọn òṣìṣẹ́ wá sí Èkó láti bá àwọn tó ń fúnni ní físà Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Ìdí tí àwọn ènìyàn yìí ń sọ kò jọra. Àwọn kan ń sá nítorí kí wọ́n má baà dá abẹ́ fún ọmọ wọn obìnrin. Àwọn mìíràn ń sá fún òfin oṣù Kìíní 2014, tó lè fi ẹni tó bá fẹ́ ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin sẹ́wọ̀n ọdún 14. Boko Haram ló lé àwọn mìíràn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé jápa nìkan ló wà lọ́kàn wọn, kò sì yẹ ká fi bẹ́ẹ̀ pamọ́.

Kí wọ́n dé ọ̀tọ̀, kí wọ́n gbà wọ́n ọ̀tọ̀. Ní 2018, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìsádi ní Kánádà mú ìdájọ́ kan ṣe atọ́nà lórí àwọn ẹjọ́ láti Nàìjíríà: bó bá jẹ́ pé ẹbí tàbí ẹgbẹ́ kan ni ẹni náà ń sá fún, kì í ṣe ìjọba, ṣé kò lè lọ gbé ní ìlú ńlá mìíràn ní gúúsù tàbí àárín Nàìjíríà? Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló fọ́ lórí ìbéèrè yẹn. Àwọn tó sì wọlé, ọ̀pọ̀ kò dúró ní Quebec tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Toronto ni wọ́n kọjá sí, níbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ará ilé wà.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 2023, àdéhùn tuntun mú gbogbo ibodè ilẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, Roxham Road sì dí. Ẹni tó bá gba inú igbó, tí wọ́n sì rí i láàárín ọjọ́ 14, á padà sí Amẹ́ríkà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ìsádi tí Kánádà gbà ní 2022, nígbà tí ọ̀nà ṣí, lé ní 90,000. Ní 2023, nígbà tó dí, ó lé ní 140,000, ọ̀pọ̀ sì ni àwọn tó ti pápákọ̀ òfuurufú Toronto àti Montreal wọlé, pẹ̀lú físà Kánádà lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Mú àwòrán ilẹ̀ Tógò, Benin àti Gánà. Fi àmì sí Lomé, Aného, Atakpamé, Comè àti Aflao. Ṣàlàyé ìdí tí ẹni méjì tó sá kúrò ní Tógò lọ́jọ́ kan náà ní 2005 fi lè dé orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

2. Láti 2018, tí 299 ènìyàn gba orí omi wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ kéékèèké, iye wọn gòkè ju 45,000 lọ ní 2022. Ṣáájú àsìkò yẹn, inú tírélà ni ọ̀pọ̀ ń fara pamọ́ sí ní Calais, kí àyẹ̀wò tó le níbẹ̀. Kí lo rí nínú èyí tó jọ ti Roxham Road, kí ló sì yàtọ̀?

3. Wá àgbàlagbà kan ládùúgbò rẹ tí ogun tàbí ìjà lé kúrò níbi kan rí. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ló sọ ibi tí wọ́n máa sá lọ, kí ló gbé wọn débẹ̀, àti ta ni wọ́n bá níbẹ̀. Kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.